Kí Ni Ehoro Ń Wí Nígbà Tí Ó Bá Ń Mi Àgò Rẹ̀?

Ní ilẹ̀ Ìkosì, láti Àgbọ̀wá títí dé Èjìnrìn létí ọ̀sà, Èjìnrìn tí òkìkí ọjà rẹ̀ kàn láyé àtijọ́ nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó ẹrù Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó, ẹni tí ó bá ń sin ehoro ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò ní í ṣàìmọ ariwo kan tí ó máa ń sọ ní kùtùkùtù, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, tí ìrì ṣì wà lórí ewé kókò: ẹlẹ́tí gbọọrọ yóò gbé eyín lé irin ilẹ̀kùn àgò rẹ̀, yóò fà á, yóò tì í, yóò mì í jìgìjìgì títí gbogbo pákó àti wáyà yóò fi máa dún gbaga-gbaga, tí ẹni tí ó sùn ní yàrá ẹ̀yìn yóò sì rò pé olè ni ó ń jálẹ̀kùn. Inú a máa bí àwọn kan sí i. Àwọn mìíràn a máa rẹ́rìn-ín pé ebi ni ó ń pa aláìnísùúrù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń dúró wádìí ohun tí ó fa ariwo náà kò pọ̀. Àwọn àgbà kò sì purọ́ nígbà tí wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ehoro kì í gbó bí ajá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ké bí ewúrẹ́. Bí kò ṣe pé ikú dojú kọ ọ́ tàbí pé ìrora rẹ̀ pọ̀ jọjọ, ènìyàn lè sìn ín títí tí yóò fi kú kí ó má gbọ́ igbe kan lẹ́nu rẹ̀. Etí ni ó fi ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Bí a bá sì ti sé e mọ́ àárín irin, irin náà di ohùn fún un. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹranko yìí bí ó ti yẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí wákàtí tí ó ń mi àgò, kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe sí i, nítorí pé ariwo òwúrọ̀, ariwo ọ̀sán gangan àti ariwo ọ̀gànjọ́ òru kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ìran rẹ̀ ná. Ehoro inú àgò yìí kì í ṣe ehoro ọ̀dàn tí àwọn ọdẹ wa ń pa. Ti ọ̀dàn wa kì í gbẹ́ ihò. Abẹ́ koríko ni ó ń sùn, òun nìkan, ọmọ rẹ̀ a sì wáyé pẹ̀lú irun lára àti ojú tí ó là. Èyí tí a ń sìn, ìyẹn funfun balau, dúdú, eléérú àti alámì tí a ń rí ní gbogbo àgò kiri, ilẹ̀ Sípéènì àti gúúsù ilẹ̀ Faransé ni àwọn baba ńlá gbogbo wọn ti wá, níbi tí wọ́n ti ń gbé ní agbo-agbo nínú ihò tí wọ́n fi èékánná ara wọn gbẹ́. Ìhòòhò ni ọmọ wọn ń wáyé, ojú rẹ̀ a sì dì títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Agbẹ́lẹ̀-gbélé ni ehoro yìí, afẹsẹ̀-kanlẹ̀-kìlọ̀-fẹ́bí, ajẹun-láàjìn tí í fi ọ̀sán sinmi: ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ àti ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ ni ó máa ń jáde láti jẹun, láti sáré, láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, nítorí pé ní àwọn wákàtí wọ̀nyí ni ojú àwọn tí ń pa á jẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran. A lè gbé e kúrò ní Sípéènì, a lè bí i ní Àgbọ̀wá fún ogún ìran, wákàtí yìí kò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwa bá wà lójú oorun ni iṣẹ́ òòjọ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iṣẹ́ kankan níwájú rẹ̀ bí kò ṣe ògiri mẹ́rin oníwáyà.

Àgò tí a ń kàn ní àgbègbè wa kò ṣàìní ọgbọ́n tirẹ̀. Ilẹ̀ etí ọ̀sà tutù, òjò ibẹ̀ pọ̀, ẹranko tí ó bá sì ń sùn lórí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ara rẹ̀ kò ní í pẹ́ ṣàìsàn. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ẹsẹ̀ gbé àgò sókè, tí a ń tẹ́ wáyà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ̀gbin lè máa jábọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń sin ehoro bí ọ̀rẹ́ ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹgbẹ́ kan tí ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ibùgbé ehoro méjì má ṣe dín ní mítà 3 ní gígùn, mítà 2 ní ìbú àti mítà 1 ní gíga, kí ẹranko náà lè fò, kí ó lè dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láìfi etí kan òrùlé. Ẹ wo èyí, kí ẹ sì wo àpótí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ehoro sí, tí kò lè fò lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀ kí imú rẹ̀ tó kan wáyà. Èmi kò sọ pé kí ẹni tí ó ní ogójì ehoro tí ó ń tà fún jíjẹ lọ kọ́ ààfin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí owó bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń wí pé bí àyè bá ti há tó ni ariwo ń pọ̀ tó, àti pé ẹni tí ó bá sin ehoro kan ṣoṣo fún ìdùnnú àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní àwáwí tí àwọn olùtà ní.

Nínú gbogbo ohun tí ó ń mú ehoro mi àgò, ti oúnjẹ ni ó wọ́pọ̀ jù, òun náà sì ni a ń ṣì tọ́jú jù. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n ebi ehoro yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣófo. Koríko olókùn ni ó gbọ́dọ̀ máa wọlé ní díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kí ìfun rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́. Eyín iwájú rẹ̀ sì ń dàgbà ní nǹkan bí mìlímítà 2 tàbí 3 lọ́sẹ̀, títí ọjọ́ ikú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé jíjẹ koríko nìkan ni ó lè máa fi lọ̀ ọ́ kúrú bí ó ti yẹ. Àwọn kan rò pé irin tí ó ń jẹ ni ó fi ń pọ́n eyín. Kò rí bẹ́ẹ̀: irin a máa wọ́ eyín kúrò ní àyè rẹ̀, eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò ní í pàdé mọ́, ehoro náà yóò sì di ẹni tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ tí kò lè jẹ ẹ́. Nígbà tí a bá da oúnjẹ ilé iṣẹ́ tí a fi ẹ̀rọ ká roboto sínú àwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, yóò jẹ ẹ́ tán kí ó tó pẹ́, gbogbo wákàtí tí ó kù yóò sì di òfo fún eyín tí ń wá ohun tí yóò jẹ. Wáyà ni yóò rí.

Lena Lidfors, onímọ̀ ìwà ẹranko ní ilẹ̀ Sweden, gbé ọ̀ràn yìí wò, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1997. Àwọn ehoro tí a dá sé mọ́ àgò ni ó fún ní oríṣiríṣi nǹkan: àwọn kan gba koríko gbígbẹ, àwọn kan gba koríko tí a fún pọ̀, àwọn kan gba igi tí wọ́n lè máa rún, àwọn mìíràn gba àpótí, àwọn yòókù kò gba nǹkan kan. Koríko gbígbẹ wà lára ohun tí ó mú wọn gbàgbé irin àti ìwà òdì yòókù jù lọ. Igi àti àpótí kò tó o. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, pàápàá nígbà tí ọgbọ́n náà kò ní í ná wa ní kọ́bọ̀. Ta ni ó ń ra koríko ní Àgbọ̀wá? Yánrin ń hù lẹ́bàá ọ̀nà, yúnyun àti sábáruma kún gbogbo igbó àkùrọ̀, ewé ọ̀dùnkún ń fà lórí ebè, àwọn tí ń gbin ẹ̀pà a sì máa da ìtàkùn rẹ̀ nù bí wọ́n bá ti kórè tán. Kí á gé e ní ọ̀sán tí ìrì ti gbẹ, kí á sá a kí ó rọ, kí á dì í ní ìdì kí á sì so ó kọ́ sókè nínú àgò, kí ehoro lè máa fi ẹnu ara rẹ̀ já a ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí nìkan yóò gba wákàtí púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ni kí á ṣọ́ra fún, nítorí oró inú rẹ̀. Kí á sá a gbẹ dáadáa kí á tó fi fún un.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé wà tí koríko kò wọ́n ehoro níbẹ̀, tí ariwo kò sì dáwọ́ dúró, nítorí pé olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fi àkàrà dí lẹ́nu ní gbogbo ìgbà tí ó bá figbe ta, igbe ni yóò máa ta. Lọ́jọ́ kìíní, ehoro mi àgò nítorí pé ilẹ̀ mọ́. Olówó rẹ̀ jí, ó gbé abọ́, ó fún un ní oúnjẹ kí ó lè padà lọ sùn. Lójú ehoro, irin ni ó pe oúnjẹ. Ó tún mì í lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ tún dé, ẹ̀kọ́ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ohun tí ó wá burú jù ni pé kí olówó rẹ̀ dijú fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó wá juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ariwo pọ̀ jù, nítorí pé ohun tí ó fi ìyẹn kọ́ ẹranko náà ni pé bí kékeré kò bá ṣiṣẹ́, kí ó mì í kíkankíkan.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, àfi pé ó ń fẹ́ ìfaradà. Kí wákàtí oúnjẹ má ṣe yí padà, kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti alẹ́, nítorí òru ni ehoro ń jẹun. Kí á má sì ṣe gbé abọ́ dé iwájú àgò nígbà tí ó bá ń mì í, kí á dúró lọ́ọ̀ọ́kán títí tí yóò fi dákẹ́, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan péré, kí á tó sún mọ́ ọn. Ariwo náà yóò kọ́kọ́ le sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń padà sẹ́yìn, tí wọ́n ń sọ pé ìmọ̀ràn náà kò wúlò, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ó bá le sí i yẹn gan-an ni ó fẹ́ tán. Kí gbogbo ará ilé sì fi ohùn ṣọ̀kan; bí bàbá bá ń dúró de ìdákẹ́jẹ́ tí màmá àgbà ń yọ́ fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ihò wáyà nítorí àánú, iṣẹ́ bàbá di asán.

Àwọn kan wà tí ìbínú ni oògùn wọn. Wọn a fi igi lu òrùlé àgò, wọn a pariwo mọ́ ọn, wọn a da omi lù ú. Mo rọ̀ wọ́n, kí wọ́n ṣíwọ́. Ẹ̀yìn ehoro jẹ́ ẹlẹgẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ̀rù bá bà á tí ó sì ta ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì lójijì nínú àyè tí ó há, eegun ẹ̀yìn náà lè kán, kí ó di arọ lójú ẹsẹ̀. Aboyún inú wọn lè bí ọmọ tí kò tọ́jọ́, ìyá ọlọ́mọ sì lè tẹ ọmọ rẹ̀ pa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń fi tapólì bo gbogbo àgò kí ehoro lè rò pé ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ní ilẹ̀ olótùútù, ó ṣeé ṣe. Ní Àgbọ̀wá, inú ààrò ni wọ́n sọ ọ́ sí.

Èyí mú wa dé orí ariwo ọ̀sán, nítorí pé ehoro tí ara rẹ̀ dá kì í ṣe wàhálà ní ọ̀sán. Ṣe ni ó máa ń na ara rẹ̀ sílẹ̀. Ehoro kì í làágùn. Etí gbọọrọ rẹ̀ ni ó fi ń tú ooru jáde, ìgbà tí ara sì ń tù ú jù ni ìgbà tí ooru kò bá ju ìwọ̀n 25 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní oṣù kejì àti ìkẹta ọdún, nígbà tí ọ̀yẹ́ ti lọ tí òjò kò sì tíì dé, ọ̀sán wa a máa kọjá 30 dáadáa. Bí ó bá ń mi àgò nígbà náà, omi ni kí á kọ́kọ́ wò: bóyá agolo ti dànù, bóyá ẹnu ẹ̀rọ omi ti dí, bóyá omi náà ti gbóná jù. Ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú a máa mu omi púpọ̀ ju bí a ti rò lọ. Kí á gbé àgò sábẹ́ igi, kí á ta àpò tútù sí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kí á sì fi ìkòkò amọ̀ tí ó ti fọ́ létí dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Amọ̀ tutù, ehoro yóò sì wọ inú rẹ̀ lọ bí ẹni wọ ihò baba rẹ̀.

Ariwo ọ̀gànjọ́ ni ó ń já èmi láyà jù. Bí ehoro bá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ilẹ̀, gbìì, tí òmíràn dá a lóhùn, gbìì, kí gbogbo àgò tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, kì í ṣe oúnjẹ ni wọ́n ń bèèrè: wọ́n rí ohun kan ni. Ó lè jẹ́ ológìnní tàbí ajá aládùúgbò. Ó lè jẹ́ erè tí ó gba inú àbàtà wá. Ohun tí àwọn olùsìn sì bẹ̀rù jù ní igbó wa ni ìjàlọ, ọmọ ogun tí kì í gba ẹ̀bẹ̀, tí yóò gba ẹsẹ̀ àgò gòkè ní òru òjò, tí yóò sì ba lé àwọn ọmọ ehoro tí kò tíì lajú, tí kò nírun, tí kò mọ ibi tí wọn ó sá sí. Ìyá wọn yóò mi irin títí ọwọ́ àárọ̀. Ẹni tí ó bá ti fi àkísà dí etí rẹ̀ nítorí pé “ebi àárọ̀ ti tún dé” yóò jí bá eegun. Nítorí náà ni a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ àgò kọ̀ọ̀kan sínú agolo tí a rọ ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò sí. Kí á máa wò ó lẹ́yìn òjò ńlá, nítorí omi òjò a máa gbé ọ́ìlì náà dànù. Kí á sì máa ṣán koríko àyíká, nítorí ewé kan ṣoṣo tí ó fara kan pákó, afárá ni fún ìjàlọ.

Ọ̀ràn akọ àti abo kò gba ọ̀rọ̀ gígùn. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni ehoro ń bàlágà. Akọ tí ó bá gbóòórùn abo ní àgò kejì yóò máa mì, yóò sì máa tọ̀ káàkiri, bẹ́ẹ̀ ni abo tí ó ń fẹ́ akọ kò ní í gbádùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà ẹran a máa tẹ̀ wọ́n lọ́dàá. Níhìn-ín, kí á gbé akọ sí ibi tí atẹ́gùn abo kò ti fẹ́ sí i. Bí aboyún bá sì ń kó koríko sẹ́nu, tí ó ń fa irun àyà rẹ̀ tu, tí ó ń wa wáyà bí ẹni wa ilẹ̀, kí á tètè gbé àpótí ìbímọ fún un: oyún rẹ̀ kì í ju ọjọ́ 30 sí 32 lọ, kò sì yẹ kí àpótí náà pẹ́ ju ọjọ́ 28 lọ.

Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà, àìrìnpọ̀ sì ń jẹ ehoro níyà pẹ̀lú, nítorí pé agbo ni a dá a mọ́. Síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ìtorí èyí kó akọ méjì tí ó ti bàlágà sínú àgò kan. Wọn yóò ya ara wọn, àní wọn yóò géra wọn jẹ ní kóropọ̀n. Abo méjì tí a bí lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n dàgbà pọ̀, ni ó máa ń dára jù.

Ẹ wo etí kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Ehoro tí kì í mi àgò tẹ́lẹ̀ tí ó wá bẹ̀rẹ̀, kí á wo ihò etí rẹ̀ bóyá kúrúnà ti sé e, kí á yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá wáyà ti bó o. Pákó pẹlẹbẹ kan tí a fi tẹ́ apá kan àgò a máa gba ẹsẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ju ariwo lọ, ìdákẹ́jẹ́ ni kí olùsìn máa bẹ̀rù. Ehoro aláriwo tí ó wá káwọ́ lẹ́rán ní ìgun àgò, tí kò jẹun, tí kò yàgbẹ́, ìfun rẹ̀ ni ó ti dúró. Kò lè bì, nítorí a kò dá èébì mọ́ ọn, wákàtí díẹ̀ ni ó sì kù láti gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòkòrò ehoro tí wọ́n ń pè ní RHD wọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ olùsìn ni ó jí lówùúrọ̀ tí wọn kò gbọ́ gbaga kan.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láàárín ọdún 2018 sí 2019, àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan fọwọ́ sí ìwé pé kí á fòpin sí títi ẹran ọ̀sìn mọ́ àgò, ti ehoro sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2021 ni àjọ tí ń ṣàkóso wọn ṣèlérí òfin lórí rẹ̀. Àwa kò ní láti dúró de òfin. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí ó fi wáyà ṣe ọgbà kan fún un, kí ó ri ìsàlẹ̀ wáyà náà wọlẹ̀ tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, nítorí pé agbẹ́lẹ̀-gbélé yóò gbẹ́ ẹ. Kí ó sọ pòròpóró àgbàdo, páálí àti ẹ̀ka gúáfà sínú rẹ̀, kí ó sì tú ehoro sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, kí ọmọdé kan tí ó gbọ́n jókòó ṣọ́ ọ nítorí àṣá àti ológìnní. Kí ó tó di pé ilẹ̀ ṣú, kí ó mi abọ́ oúnjẹ láti ẹnu ọ̀nà àgò. Bí ó bá ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ehoro yóò wọlé fúnra rẹ̀, kí a sì ti so ìdì koríko alẹ́ kọ́ dè é.